£50 fún Boris: ìdí tí ará ìlú Ọba fi ń yínmú

Ẹ bi àwọn ará ìlú Ọba bóyá olóṣèlú wọn máa ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa yínmú. Mi ò dá wọn lẹ́bi o. Ní oṣù Kẹjọ, 2020, ìjọba Boris Johnson ṣòfin Kòrónà pé ẹni tó bá kó ju 30 èèyàn jọ lè san £10,000. Àṣé ní oṣù Kẹfà, wọ́n ti ṣe ọjọ́ ìbí fún Boris fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì! £50 péré ló san nígbà tí àṣírí tú. Rishi Sunak náà san £50. Kí 2022 tó parí, òun ló di Olóòtú Ìjọba.

Èyí tó dun aráàlú jù ni ti oṣù Kẹrin, 2021. Nítorí òfin, ńṣe ni Ọbabìnrin Elizabeth dá jókòó níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ Downing Street ń ṣe fàájì.

Lóòótọ́, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Johnson parọ́ fún ilé, pé ì bá lọ rọ́kún nílé fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí àbọ̀ ìwádìí náà tó jáde ní 2023. Ta ni wọ́n fẹ́ lé? Páàsì tí wọ́n máa ń fún aṣòfin àtijọ́ nìkan ni wọ́n rí fi dù ú.