Ẹ Má Ha Orúkọ Kúrò Lára Ọ̀bẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti jà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná o, bí kò ṣe èyí kékeré tí a ń ká irin rẹ̀ sínú èèkù, tí a sì ń jù sápò. Ẹni tó bá rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé Ẹgbẹ́, kí ó fara balẹ̀ ná.

Nígbà tí mo wà nílé fún ìsinmi, ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ kiri wọ ilé wa. Wọ́n mú ọ̀bẹ kan jáde fún un, èyí tí bàbá tó bí bàbá bàbá mi mú bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èèkù ọ̀bẹ náà dúdú, ó sì rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ó ní irin kan tí a fi ń gé nǹkan, ó ní òmíràn tí a fi ń ṣí agolo, ó sì ní irin ṣóńṣó kan lẹ́yìn tí a fi ń tú okùn. Ọkùnrin náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rí lẹ́tà méjì tí ẹnì kan fi ìṣó họ sára èèkù, ó sì pòṣé. Ó ní bí kì í bá ṣe ti ìhọkúhọ yẹn ni, ìlọ́po méjì owó tí òun fẹ́ san ni òun ìbá san. Àmọ́ kò burú, ó ní, òun mọ bí a ṣe ń ha á dànù.

Mo gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi.

Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń bá jà, nítorí ohun tí ọjà kọ́ ọ ló ń sọ. Ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, àwọn ènìyàn wà tí ń kó ọ̀bẹ àpò àtijọ́ jọ bí àwọn mìíràn ti ń kó sítáǹbù jọ. Èmi kò kẹ́gàn ìmọ̀ wọn. Iléeṣẹ́ Case ní Bradford, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, fi àmì mẹ́wàá bí ẹ̀kán omi sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lára àwọn ọ̀bẹ ọdún 1970, lẹ́yìn náà ó ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lè ka àmì náà yóò mọ ọdún tí a ṣe ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ibo ni ìmọ̀ náà parí sí? Ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀bẹ náà lẹ́yìn tó jáde síta, ọwọ́ tó dì í mú, igi tó gbẹ́, ọmọ tó jí i nínú àpò bàbá rẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí kò sí nínú ìṣirò wọn.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀bẹ tí owó rẹ̀ ga jù lọ́jà wọn ni èyí tí kò gé nǹkankan rí. Èyí tí wọ́n ti pọ́n títí tí irin rẹ̀ fi tínrín bí abẹ́rẹ́, tí omi ọsàn ti sọ di dúdú, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọ̀lẹ ni wọ́n ń fi jẹ oyè, wọ́n sì ń bu òṣìṣẹ́ kù! Ara ọ̀bẹ Sheffield àtijọ́ ni ẹ óò ti máa rí irin pélébé kan lára èèkù, tí ẹlòmíràn fín orúkọ ara rẹ̀ sí. Lójú oníṣòwò, àbàwọ́n ni orúkọ yẹn.

Ẹ wo Amẹ́ríkà lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Wọn kò gba ọ̀bẹ àpò láàyè lọ́wọ́ èrò inú ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀ sápò yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á kó o fún ìjọba ìpínlẹ̀, ìyẹn náà á sì tà á ní òkìtì òkìtì fún ẹni tó bá fẹ́. Ta ni yóò sọ fún mi pé nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí bàbá fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ? Ẹni tó rà á kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn bá mi jiyàn. Ó ní àwọn oníṣòwò náà máa ń kìlọ̀ fúnra wọn pé: ra ọ̀bẹ, má ra ìtàn. Ó ní irọ́ ló pọ̀ nínú ìtàn ọ̀bẹ, pé gbogbo ọ̀bẹ ológun tí wọ́n ń tà ló balẹ̀ sí Normandy ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí kan bá purọ́ ní kóòtù, ṣé ahọ́n gbogbo ẹlẹ́rìí la ó gé ni? Ìbéèrè là ń bi í.

Mo sì bi ọ̀bẹ tiwa ní ìbéèrè. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé Bàbá Ṣọ́jà wà nínú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó jagun ní àfonífojì Kaladan ní 1944, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Wọ́n ní ọ̀bẹ yìí ló fi ń ṣí agolo. Mo fi awò wo ìdí irin rẹ̀. Àmì ọfà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi sára ohun ìní rẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 1945. Ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe ní 1945 kò lè ṣí agolo ní 1944. Mo tún wo lẹ́tà méjèèjì: S àti K. Nínú gbogbo orúkọ Bàbá, kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kankan nínú wọn.

N kò fẹ́ purọ́ fún yín, ọkàn mi bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni yóò borí, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo wá tọ àbúrò bàbá bàbá mi lọ, ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọ tí Bàbá Ṣọ́jà fẹ́ràn jù. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún yín pé tirẹ̀ ni? Tirẹ̀ bọ́ sómi. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àgọ́ kan náà ní Íńdíà ló fún un ní èyí, nígbà tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò kó wọn wálé.” Mo béèrè orúkọ onítọ̀hún. Wọn kò rántí. Ohun tí wọ́n rántí ni pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ náà gé tábà, nítorí pé ẹni tó fún un kórìíra tábà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onídàájọ́, ẹ wò ó. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ha lẹ́tà náà dànù, irọ́ ni à bá máa pa lọ nínú ilé wa, láìmọ̀ pé irọ́ ni. Ìhọkúhọ tó ń pòṣé sí ni ó tọ́ wa sọ́nà. Ẹni tó bá ń kọ́ èdè bí tèmi kò sì ní ṣàì rẹ́rìn-ín: ogun ló gbé ọ̀bẹ náà dé, ogún ló sọ ọ́ di tiwa, Ògún ló ni irin. Ẹni tó bá fẹ́ ta irú rẹ̀, kí ó tà á, n kò bínú. Owó oúnjẹ kì í dúró de ìtàn. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ohun tó mọ̀ sórí bébà, kí ó fi tì í, kí ẹni tó bá rà á má sì ṣe ha ohunkóhun kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀bẹ tiwa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú yín bá lọ sí Bọ́mà, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S àti K, tí kì í sì í fẹ́ gbóòórùn tábà, kí ó jọ̀wọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ akọ̀wé Ẹgbẹ́.