Ohùn Màmá Àgbà Nínú Fóònù Àtijọ́

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ní ayé tiwa yìí, ọ̀ràn fóònù wà lára ọmú náà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ìbàdàn, ìyá mi tú fóònù àtijọ́ kan jáde láti inú ìdì aṣọ, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: “Àdùkẹ́, ohùn Màmá Àgbà wà nínú rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó sọnù.”

Màmá Àgbà ti re ibi àgbà ń rè. Kí wọ́n tó lọ, ìyá mi gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì Oníkòyí, orílẹ̀ wa. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí mo mọ oríkì àwọn ọba tí n kò bá tan, n kò lè ki ti ilé wa délẹ̀.

Fóònù náà sì ti ń kú lọ. Ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ ti bàjẹ́ débi pé iná nìkan ló ń gbà. Bí mo bá fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ pé ohunkóhun dé. WhatsApp kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Atúnfóònùṣe kan ní òun lè tú u wò, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún tàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn Bluetooth.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé Bluetooth, àfi bí a bá fẹ́ fi gbọ́ orin. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ girama, òun la fi ń fi orin ránṣẹ́ síra wa: a ó to fóònù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó sì máa wò wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ lórí iná. Ìgbì rédíò ló ń lò, kò béèrè dátà, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń dé nǹkan bíi mítà 10. Orúkọ Harald Blåtand, ọba Denmark kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé ọba náà so àwọn ènìyàn tó fọ́n ká pọ̀. Kò yára, fíìmù gígùn yóò dá a lágara. Ṣùgbọ́n fún ohùn, àwòrán àti ìwé, ó tó gẹ́ẹ́.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi kò ní Bluetooth tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ rí. Mo ra èyí tí a ń kì bọ ojú USB, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo tan Bluetooth lójú méjèèjì, mo ní kí wọ́n mọ ara wọn. Nọ́ńbà kan náà jáde lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbà á níhà méjèèjì. Mo rò pé ó ti bùṣe. Mo fi fáìlì kìn-ín-ní ránṣẹ́: kò lọ. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù náà pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyà mi já. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn mi, wọn kò sọ nǹkan kan.

Àṣé èmi ni n kò ṣílẹ̀kùn. Lórí Windows, pé ẹ̀rọ méjì mọ ara wọn kò tíì tó. Ẹni tí yóò gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ múra sílẹ̀. Ẹ wọ “Settings”, ẹ lọ síbi Bluetooth, ẹ wá “Send or receive files via Bluetooth”, kí ẹ sì tẹ “Receive files”. Ẹ sì lè tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ fsquirt síbẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ní òun ń dúró ni kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́ láti orí fóònù. Bí ó bá dé, ẹ yan fódà tí yóò wà, kí ẹ sì tẹ “Finish”.

Ó wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́. Màmá Àgbà kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n wá béèrè pé: “Àdùkẹ́ dà?” Ohùn ìyá mi dáhùn: “Ó wà nínú yàrá, ó ń tẹ fóònù rẹ̀.” Màmá Àgbà ní kò burú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá.

N kò lè wo ojú ìyá mi.

Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Mo ṣe ẹ̀dà kan sínú fláàṣì, òmíràn sì wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ̀kan, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ tú dúrọ́ọ̀ ilé yín wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí fóònù àtijọ́ kan bá wà níbẹ̀, ẹ tan án kí ó tó kọ̀ láti tàn. Bí ẹni tó ni ohùn bá sì ṣì wà láyé, ẹ jáde nínú yàrá.