Ẹ Jìnnà sí Ọkọ̀ Epo Tó Bá Ṣubú



Mo fẹ́ sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn táńkà epo tó ń ṣubú lójú títì wa.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, táńkà kan dojú dé ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará ìlú gbé kẹ́ẹ̀gì àti garawa lọ gbọ́n epo. Iná sọ, ó pa èèyàn tó ju 150 lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger. Èèyàn tó lé ní 80 ló bá a lọ. Ẹ má sọ pé Òkè Ọya nìyẹn o! Lórí afárá Otedola l'Ékòó, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ tó ju 50 jóná, èèyàn 9 sì kú. Àwọn yẹn kò gbọ́n epo rárá, ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ tó lè gbà wá wà nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Emergency Response Guidebook. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń tún un tẹ̀. Ti ọdún 2024 ti jáde. Nọ́ńbà wà lára ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù eléwu. Panápaná á wo nọ́ńbà náà látòkèèrè, á ṣí ìwé, á sì mọ bó ṣe yẹ kí èèyàn jìnnà tó.

Nọ́ńbà bẹntiróòlù ni 1203. Ìwé náà ní kí a kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn kúrò ní mítà 50 yíká epo tó dà. Bí epo náà bá pọ̀, kí àwọn tó wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ jìnnà tó mítà 300. Bí iná bá ti ran táńkà, ó di mítà 800 yíká, ìyẹn ìdajì máìlì. Bó bá jẹ́ táńkà gáàsì ìdáná ni iná ràn, máìlì kan gbáko ni!

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló ń rá mọ́, á wọ inú gọ́tà, á lọ bá iná alákàrà tàbí sìgá ẹnìkan lọ́hùn-ún. Iná náà á wá sáré padà sídìí táńkà. Ẹni tó ń gbọ́n epo lè má fọwọ́ kan ìṣáná rárá, kó sì jóná.

Àwọn kan á ní ebi ló fà á, pé epo ti wọ́n jù láti ọdún 2023. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èló ni kẹ́ẹ̀gì epo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹni?

Mo wá ń bẹ ìjọba kí wọ́n rí i pé gbogbo táńkà kọ nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ gàdàgbà sára. Kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, panápaná àti ẹgbẹ́ awakọ̀ tẹ ìwọ̀n wọ̀nyí ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáréèjì, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kí àwọn baálẹ̀ sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé bí táńkà bá ṣubú, kí wọ́n dá èèyàn padà, kí wọ́n gba ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kí wọ́n sì pe 112 láti ọ̀nà jíjìn.

Oníṣẹ́ wẹ́dà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.