Kásíkì tó ń sọ̀rọ̀: ẹ kọ́kọ́ ro ti orí

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, a ń rí àwọn oní-zémìjáànì tó ń ki fóònù bọ inú kásíkì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí eré. Ẹ̀rọ Bluetooth tí wọ́n ń so mọ́ kásíkì sàn ju ìyẹn lọ, nítorí ọwọ́ méjèèjì á lè di alùpùpù mú.

Ṣùgbọ́n ní tiwa, kásíkì gidi ló ṣáájú ẹ̀rọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kásíkì tí a dé dáadáa lè dín ewu ọgbẹ́ ọpọlọ kù dé ìdá 74 nínú 100. Àjọ náà tún ní fóònù tí a kò fi ọwọ́ mú kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí a fi ọwọ́ mú lọ fún ẹni tó ń wakọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé ọkàn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yan èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, tí òjò kò lè bà jẹ́, tí a sì lè dín ohùn rẹ̀ kù kí etí lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù. Kó má ṣe lu kásíkì nítorí ẹ̀rọ.

Bí owó kò bá tó, ẹ fi ra kásíkì kejì fún ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn. Bí ìpè bá dé, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó pè á tún pè. Wọn kì í ta orí lọ́jà.