Oògùn Koríko Oko Kò Yẹ Adágún Ẹja

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn tó ní adágún ẹja, ó sì kan àwa tí a ń ṣe onídùúró fún wọn nígbà tí wọ́n bá yá owó ẹgbẹ́.

Bí ojú oró àti koríko bá bo omi, owó alágbàṣe tí yóò kó o kì í kéré. Ni ẹlòmíràn bá ra oògùn apakoríko tó ń lò nínú oko ẹ̀gẹ́, ó fọ́n ọn sórí omi, ó ní òun dín ìnáwó kù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́nà kìíní, ọ̀pọ̀ oògùn glyphosate tó wà fún oko ni wọ́n fi nǹkan bí ọṣẹ pò kó lè wọ ewé dáadáa. Nǹkan yìí sì lè le fún ẹja ju oògùn náà gan-an lọ.

Lọ́nà kejì, bí koríko bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jẹrà, yóò sì fa atẹ́gùn inú omi tán. Àrọ̀ lè yọ ẹnu síta mí díẹ̀, epìyà ò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti léfòó.

Lọ́nà kẹta, bí òjò bá rọ̀, omi adágún á kún, á ṣàn lọ sódò tí aládùúgbò ń pọn.

Ẹ rántí pé NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 1, 2024, àti atrazine láti January 1, 2025. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tà wọ́n fún yín ní kọ̀rọ̀, tàbí tó rọ oògùn sínú ìgò tí kò ní ìwé lára, ẹ dákun, ẹ má rà á.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ ká dá àáró. Lónìí a kó koríko adágún tèmi, lọ́la a kó tìrẹ, díẹ̀díẹ̀, ká gbé e jìnnà sí etí omi, kó di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Ká gbẹ́ etí adágún jìn, torí koríko fẹ́ràn ibi tí omi ò ti jìn. Ká má sì da oúnjẹ ẹja lù ú ju bó ti yẹ lọ, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù ń bọ́ koríko.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé owó yíyá: oògùn tí NAFDAC kò fọwọ́ sí, tí a ò sì kọ sí ara rẹ̀ pé ó wà fún omi, kò gbọdọ̀ wọ adágún tí a fi owó ẹgbẹ́ gbẹ́. Ẹja tó bá kú kì í san gbèsè. Onídùúró ni yóò san án.