Ẹni Òrìṣà Lórí Pápá Ìṣeré: Ọwọ́ Wa Dà?

 

Orúkọ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ ní Olúpọ̀nnà àti ní gbogbo agbègbè Ìwó fún ẹni tí ẹsẹ̀, apá tàbí ojú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkíní ni abirùn. Bí a bá tú orúkọ náà wò, ẹni tí ó ní àrùn lára ni ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà ní kékeré, tí ó wá dàgbà tán tí ó ń gbé irin tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ, àìsàn wo ni ó ń ṣe é lónìí? Èkejì ni aláàbọ̀ ara, bí ẹni pé ìdajì ènìyàn ni. Ẹ̀kẹta ni ẹni òrìṣà, èyí sì ni ti àwọn baba wa.

Ìtàn tí a jogún sọ fún wa pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ọmọ ènìyàn, pé tirẹ̀ ni arọ, abuké, àfín àti aràrá, àti pé nítorí wọn ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni orúkọ yìí. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, Òrìṣà ni ó ń ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé a ti sọ orúkọ ọ̀wọ̀ náà di ọgbà tí a fi ń yẹra fún wọn. A ó ní, "Ẹni òrìṣà ni, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́." A ó fi owó lé e lọ́wọ́, a ó gba àdúrà, a ó sì bá tiwa lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ọwọ́ wa àti àkókò wa ni a jẹ wọ́n ju owó lọ, àti pé pápá ìṣeré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń wá ọwọ́ náà jùlọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni eré ìdárayá fẹ́ ṣe fún ẹni tí ebi ń pa. Ìbéèrè náà tọ́, ìtàn sì ní èsì fún un. Nígbà kan, ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́ kì í sábà pẹ́ láyé, nítorí pé orí ibùsùn ni a ó fi í sí títí egbò yóò fi pa á. Dókítà Ludwig Guttmann, tí ó sá kúrò ní Jámánì lọ sí ìlú Òyìnbó, kọ̀ fún irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó fi eré ìdárayá kún ìtọ́jú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ó kó ènìyàn 16 tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ jọ sí ọgbà ilé-ìwòsàn Stoke Mandeville, wọ́n sì fi ọfà títa díje. Láti ibẹ̀ ni Pàrálíḿpíìkì ti hù, tí ti àkọ́kọ́ wáyé ní Róòmù ní 1960. Oògùn ni eré náà kí ó tó di ìdíje.

Àwa náà ti jẹ nínú èso rẹ̀. Ọdún 1992, ní Barcelona, ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa, Ajíbọ́lá Adéoyè sì gba wúrà nínú eré mítà 100 àti 200. Ní Rio ní 2016, wúrà 8 ni a kó wálé, 6 nínú wọn láti inú irin gbígbé. Ní Paris ní 2024, Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé kílò 167, iye tí obìnrin kankan nínú ìsọ̀rí rẹ̀ kò tíì gbé rí títí di ìgbà náà. Níbẹ̀ náà ni Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí ti gba idẹ nínú badminton, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ nínú eré náà ní Pàrálíḿpíìkì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé agbára ni kò sí.

Ọwọ́ tí yóò ran agbára náà lọ́wọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo ẹni tí ó ń gbé irin. Yóò dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, yóò na ẹsẹ̀, yóò sọ irin kalẹ̀ sí àyà, yóò dá a dúró ṣinṣin, kí ó tó tì í sókè. Àwọn kan ní láti dúró lọ́tùn-ún àti lósì láti kó irin sí i, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ kí ó má baà já lé e láyà. Ẹ wo asáré tí kò ríran: okùn kékeré ni ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti afinimọ̀nà tí ó ń bá a sáré. Òfin eré náà ni pé afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ fà á, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀ kọjá ìlà ìparí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó lé àwọn méjèèjì jáde nínú ìdíje.

Bí wọ́n bá ní kí n fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìrànwọ́, òfin yìí ni n ó sọ. Ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ni ó ń ṣáájú kọjá ìlà. Àpò ìrẹsì kan, fọ́tò ogún. Orúkọ olóore hàn gàdàgbà, ti ẹni tí a ṣe lóore kò sí níbẹ̀. Àwọn baba wa ní, "Òòṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ béèrè kí ó tó fọwọ́ kan ènìyàn tàbí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí a ṣe ń gbé arọ láti orí kẹ̀kẹ́ ní ìlànà tirẹ̀. Kí ó sì máa wá déédéé, nítorí pé ọjọ́ tí afinimọ̀nà kò bá wá, asáré kò ní sáré.

Olúpọ̀nnà kò nílò pápá ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Fọ́líbọ́ọ̀lù àjókòógbá wà: ilẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí, àwọ̀n ti ọkùnrin kò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 115 lọ. Okùn, igi méjì àti bọ́ọ̀lù kan tó. Fún àwọn tí kò ríran, ẹ fi ọ̀rá wé bọ́ọ̀lù kí ó máa dún bí ó ti ń yí. Olùkọ́ kan àti ọ̀dọ́ mẹ́rin ní àràárọ̀ Sátidé, ní pápá ilé-ìwé, lè ṣe é. Ọmọ tí ó máa ń jókòó sábẹ́ igi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré yóò di ẹni tí gbogbo wọn mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ìlú mọ orúkọ rẹ̀ ni ìlú máa ń rántí nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Ní oṣù Kínní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. A lè bá ìjọba wí, ó sì yẹ kí a bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ojúbọ tiwa ńkọ́? Bí àtẹ̀gùn tí ó wà lẹ́nu ilé Ọbàtálá bá ga tí ẹni òrìṣà kò lè gùn ún, ta ni a kọ́ ilé náà fún?

Ẹ̀yin ọmọ ìṣẹ̀ṣe, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì ṣáájú ọ̀sẹ̀ Òòṣà tí ń bọ̀. Kí wọ́n lọ bá àwọn ẹni òrìṣà àdúgbò wọn, kí wọ́n bi wọ́n ní eré tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ èsì wọn parí kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Àwọn ni yóò ṣáájú. Ẹ̀yìn wọn ni kí a máa sáré sí.

Àṣẹ.