Akọ Ni Tàbí Abo? Ẹ Má Ṣe Kánjú

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀ràn kan wà tí à ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A máa ń bí ọmọ mìíràn tí abẹ́ rẹ̀ kò fi hàn gbangba bóyá akọ ni tàbí abo. Àṣà àtijọ́ ni pé kí a sọ obìnrin lórúkọ ní ọjọ́ keje, ọkùnrin ní ọjọ́ kẹsàn-án. Nítorí náà ni àwọn àgbà ilé ṣe ń kán dókítà lójú, pàápàá kí ó lè wí pé ọkùnrin ni.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀yà kékeré orí kíndìnrín ẹlòmíràn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Iyọ̀ ara rẹ̀ a máa dànù, a máa bì, ó sì lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí Wesley Guild ní Iléṣà, lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ni yóò gbà á, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ ni a ní kí ó dúró. Ní 1967, àwọn dókítà Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà sọ ọmọkùnrin kan, David Reimer, tí ilà abẹ́ ti bà jẹ́, di obìnrin. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ̀ ọ́, ó sì padà di ọkùnrin. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí ó kú ní 2004. Ní 2006 àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ẹnu kò pé kí oríṣiríṣi dókítà jùmọ̀ yẹ ọmọ wò kí a tó pinnu, kí a sì sọ òtítọ́ fún òbí. Malta fi òfin de irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní 2015.

Àwọn kan yóò wí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gé kì í hù mọ́. Èdè wa pàápàá kò kánjú: “ó” ni à ń pe tọkùnrin tobìnrin, Ayọ̀délé sì bá méjèèjì mu. Kí a tọ́ ọmọ náà bí àwọn dókítà bá ti gbà wá nímọ̀ràn, kí gígé sì dúró títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè, bí òbí bá mú un wá síwájú yín, ẹ bi wọ́n bóyá dókítà wí pé ọmọ kò lè tọ̀, tàbí pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró.